Ibi Tí Ìyá Jókòó Sí Lórí Àwòdì

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 1971, ìyá tó bí Kíákíá àti Pẹ̀lẹ́ jókòó lé imú ọkọ̀ kan tí wọn kò tíì ṣe tán. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, iná mànàmáná ti lọ, ó sì rẹ ìyá. Kò sí àga kankan nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ga tó ìjókòó ni nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó wà láàárín ilé, ìyá sì rò pé bẹ́ńṣì tuntun ni wọ́n kàn.

Ọmọ méjì péré ni ìyá bí. Èyí ẹ̀gbọ́n, tó ń yàwòrán ilé fún àwọn bíríkìlà, ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Kíákíá, nítorí kò sí ohun tí kì í fi ìkánjú ṣe. Lọ́jọ́ tó ń gbéyàwó, ó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn tó jí. Àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà, ni Pẹ̀lẹ́. Bí o bá gbé tábìlì fún Pẹ̀lẹ́ pé kó bá ọ fi sáńpépà ha á, o máa ra òmíràn, o máa lò ó gbó, kí tọ̀hún tó délé. Ìyá a máa sọ pé, "Ọ̀kan ò lè dúró, ọ̀kan ò lè rìn. Ká ní wọ́n ṣeé pò pọ̀ ni, ǹ bá rí ọmọ kan tó péye."

Kíákíá ló mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá. Ó ti kà á níbì kan pé ènìyàn lè ṣe ara ọkọ̀ láìlo irin. Èèyàn á mú fáíbà, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun, á fi oje kan tó ki bí oyin rẹ ẹ́. Oje náà á gan, á sì di ohun líle tí kì í dógùn-ún.

"Ọkọ̀ eré ìje la máa ṣe," ni Kíákíá wí. "Oníjòókòó méjì. Ó máa lọ sílẹ̀ débi pé orúnkún àwọn tó ń rìn lẹ́bàá títì lẹni tó ń wà á á máa wò."

"Bùọ̀dá, níbo la ti máa ṣe é?"

"Nínú ilé adìyẹ."

Ilé adìyẹ náà wà lẹ́yìnkùlé wọn. Àwọn adìyẹ inú rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n òórùn wọn kò bá wọn kú. Páànù ń jò. Ibi tí kò ti jò, afẹ́fẹ́ ń gbé e sókè, ó ń fi í lulẹ̀ bí ìyàwó tó ń bínú ṣe ń ti ilẹ̀kùn.

Pẹ̀lẹ́ kò gbàgbé ọdún yẹn títí. Ó rántí pé Kíákíá ta bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti fi ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, tó fi di pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn lórí fóòmù tí wọ́n rà sílẹ̀ fún ìjókòó ọkọ̀. Ti awakọ̀ gùn ju tèkejì lọ. Ìyàwó ló sì ń sùn sórí èyí tó kúrú. Ó rántí búrẹ́dì gbígbẹ láàárọ̀, búrẹ́dì gbígbẹ lálẹ́. Ó wá rántí ara yíyún jù. Eruku fáíbà a máa wọ awọ ara bí ẹ̀gún tí ojú kò rí. Bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họra, ìjókòó tó yí wọn ká á ti ṣófo kí bọ́ọ̀sì tó dé ibùdókọ̀ kejì. Àwọn èrò á dúró gbọnrangandan, wọ́n á máa wò wọ́n láti òkèèrè.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Èèyàn á kọ́kọ́ fi pákó àti wáyà ṣe ère ọkọ̀, bó ṣe máa rí gan-an, á wá fi pọ́tì, ìyẹn ẹrẹ̀ funfun tí àwọn akunkọ̀ fi ń dí kòtò, pa á lára, á ha á títí tó máa fi jọ̀lọ̀. Orí ère yìí ni wọn yóò ti fi fáíbà bu mọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹrẹ̀ bo ìgò. Mọ́ọ̀dù ló wá máa di ìyá ọkọ̀: inú rẹ̀ ni wọn ó ti máa ṣe wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wà lára ère, yóò wà lára mọ́ọ̀dù. Ohun tó bá wà lára mọ́ọ̀dù, gbogbo ọkọ̀ ló máa gbé e wáyé, bí imú bàbá ṣe ń wà lójú ọmọ tó bá kọ̀, tó bá gbà.

Lọ́jọ́ òjò yẹn, Pẹ̀lẹ́ ti fi pọ́tì pa imú ère, ó wá lọ tọrọ àtùpà lọ́wọ́ aládùúgbò. Pọ́tì náà ṣì rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyá gbé omi mímu wá fún wọn, tí kò bá ẹnì kankan. Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù nígbà tó yá. Ó ní nǹkan náà gba òun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba òun bí ẹni tó mọ òun rí, òun sì sinmi dáadáa. Ìgbà tó dìde ló rí i. Èèmọ̀! Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi omi mímu ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú ibẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri, títí tó fi dán. Ó dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kòtò tí wọ́n bá rẹ́, kòtò náà ni.

Ìyá àti Pẹ̀lẹ́ pàdé lójú ọ̀nà.

"Màámi, nǹkan funfun wà lẹ́yìn aṣọ yín."

"Ògiri ni."

"Ògiri wo? Ibí yìí ò ní ògiri tí wọ́n kùn."

"Ṣé ìwọ lo máa bá mi fọ̀ ọ́ ni?"

Pẹ̀lẹ́ gbé àtùpà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ ni, yóò ha ère náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ ì bá sì bá kòtò náà pàdé. Ṣùgbọ́n Kíákíá dé, ó ní oje tí àwọn rà ti ń ki jù, ó ní bí àwọn kò bá bu mọ́ọ̀dù lọ́la, oje á di òkúta nínú agolo. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kíákíá ní àwọn àgbà náà kò ra oje rí. Lọ́jọ́ kejì, nínú òkùnkùn òjò, pẹ̀lú àtùpà tí wọ́n tọrọ, wọ́n bu mọ́ọ̀dù. Pọ́tì kì í kọ mọ̀nà, ohun tí kò bá sì kọ mọ̀nà kì í tú àṣírí.

Ọkọ̀ ló tú u. Nígbà tí wọ́n fa ara ọkọ̀ àkọ́kọ́ yọ nínú mọ́ọ̀dù, pupa fòò, wọ́n gbé e síta sínú oòrùn. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Àwòdì. Àyíká rẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ó lẹ́wà, ó lọ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ já adìyẹ gbé. Lórí imú rẹ̀, kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì wà, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, oòrùn sì jókòó sínú wọn.

Wọ́n rìn yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Kíákíá sọ níkẹyìn. "Ibẹ̀ lafẹ́fẹ́ á máa gbà kọjá tó bá ń sáré."

Ìyàwó Kíákíá, tó ń rán awọ ìjókòó ọkọ̀, yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Afẹ́fẹ́ wo, Bàbá ọmọ? Èèyàn ló jókòó síbí. Èèyàn tó sì jókòó dáadáa ni."

Ó wo ìdí tirẹ̀, ó wo ti Pẹ̀lẹ́, ó wá rọra yíjú sí ibi tí ìyá wà. Ìyá ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń retí ọkọ̀ òfuurufú.

"Màámi," ni Pẹ̀lẹ́ pè.

"Kí ni?"

"Ògiri."

"Ó dáa, èmi ni! Ẹ pa mí! Ó rẹ̀ mí ni mo ṣe jókòó. Ta ló ń kọ́lé tí kò fi àga sí i? Ẹ sì wò ó, ṣé kò dán ni? Mo rẹ́ ẹ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Kíákíá fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ àtijọ́. Agbára àtiṣe mọ́ọ̀dù mìíràn kò sí, nítorí náà ni Àwòdì ṣe fò pẹ̀lú ìdí ìyá lórí imú. Fún àwọn oníbàárà, Kíákíá a máa ṣàlàyé afẹ́fẹ́ fún wọn, á na ọwọ́, á fi ẹnu fẹ́ fùù. Bó bá ti yẹ̀yìn báyìí, ìyá á sún mọ́ oníbàárà: "Má dá a lóhùn. Ìdí mi nìyẹn." Kò pẹ́ tí ìtìjú fi kúrò lójú ìyá, ó di ìgbéraga. Lọ́jọ́ kan, ìyá rí ọkùnrin kan lójú títì tí ọkọ̀ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, tó ń fọwọ́ lérí. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó wo kòtò náà dáadáa, ó fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jókòó lé tiyín?"

Àwòdì mẹ́rin ni wọ́n ti tà nígbà tí ìyá kú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ó jókòó sórí àga tí Pẹ̀lẹ́ wá kàn fún un sínú ṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló yà láyé rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bojú nínú rẹ̀ nítorí oòrùn.

Láti ìgbà náà, Pẹ̀lẹ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ìda kun inú mọ́ọ̀dù. Dandan ni kí wọ́n fi ìda kùn ún kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ nínú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú mọ́ọ̀dù, ohun gbogbo ló yí padà: kòtò ara ọkọ̀, òkè ni níbẹ̀. Òkè kékeré méjì, ó jọ̀lọ̀ bí orí ọmọ tuntun. Pẹ̀lẹ́ á fi àtẹ́lẹwọ́ kun ìda sí wọn yípoyípo.

"Màámi, ẹ káàárọ̀ o," ni yóò wí.

Ìyàwó Kíákíá bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Bùọ̀dá Pẹ̀lẹ́, ìdí lẹ ń kí yẹn o."

"Ìyàwó wa, òun ló kù. Fọ́tò ò ní ojú. Èmi àti Bùọ̀dá àti ibí yìí nìkan ni ara Màámi fi àmì sí."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí òkè méjèèjì, ó padà sídìí ìránṣọ.

Lẹ́yìn náà ni oníwèé ìròyìn kan tó máa ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ wá. Ó wa Àwòdì karùn-ún yíká àdúgbò, ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde, Pẹ̀lẹ́ ti lọ ra ìdè ilẹ̀kùn. Kíákíá kà á lórí ìdúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ náà ń sáré, pé ó fúyẹ́, àmọ́ ó dà bí ẹni pé àgbàlagbà obìnrin kan ti jókòó lé e lórí.

Ojú ti Kíákíá débi pé etí rẹ̀ gbóná. Àlàyé afẹ́fẹ́ tó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí di yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Bí a bá ní kí Kíákíá sùn lórí ìtìjú kan mọ́jú, kò lè sùn. Ó fa ẹ̀rọ tó ń ha pákó yọ, ó kó sínú mọ́ọ̀dù.

Nígbà tí Pẹ̀lẹ́ dé, eruku ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, Kíákíá sì funfun láti orí dé àtàǹpàkò.

"Àbúrò! Mo ti tún un ṣe! Wọn ò ní rí wa bú mọ́!"

"Kí lẹ tún ṣe?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó na ọwọ́ sínú mọ́ọ̀dù. Ọwọ́ rẹ̀ lọ láti apá kan dé apá kejì, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ó tún dá a padà. Ó jẹ́ kí ìdè ilẹ̀kùn bọ́ sílẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ ti ha Màámi dànù."

Ìgbà yẹn gan-an ni Kíákíá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo eruku tó wà lára rẹ̀.

"Mi ò ronú débẹ̀," ni ó wí.

"Ẹ kì í ronú débẹ̀. Ẹ máa ń sáré kọjá ibẹ̀ ni."

Fún ọjọ́ mélòó kan, igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń họra.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni alágbàtà ọkọ̀ kan dé, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ìwé ìròyìn náà wà lábíyá rẹ̀. Kò tíì kí wọn tó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀ tí wọ́n jókòó lé? Mo fẹ́ méjìlá!"

Kíákíá sáré fa àga fún un.

"Ẹ wò ó," ni alágbàtà wí, "gbogbo ọkọ̀ ìsáré tí mo ń tà ló ń lejú mọ́ èèyàn. Àwọn olówó ti sú wọn. Mo ka ti yín, mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi bu omi lù mí. Ẹni tó bá rí i lójú títì á rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á fẹ́ rà á. Ìjókòó ọ̀hún dà?"

Wọ́n sìn ín lọ sọ́dọ̀ Àwòdì kẹfà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó fọwọ́ pa á nímú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí ńkọ́? Ọkọ̀ lásán lèyí. Ìdí dà?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà," ni Kíákíá wí. "Ẹ fún wa lọ́sẹ̀ méjì."

Bí ó ti lọ báyìí, ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nìyẹn. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká wá a padà. Kì í ṣe torí ọkùnrin yẹn. Mo gbìyànjú láti sùn, mi ò sùn."

Pẹ̀lẹ́ gbé e dìde. Wọ́n gé pákó bí imú Àwòdì, wọ́n fi pọ́tì pa á, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìdílé.

Ìyàwó Kíákíá ló kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn tó ti kìlọ̀ pé ìdí òun kì í ṣe irinṣẹ́. Pẹ̀lẹ́ di ojú, ó fọwọ́ pa kòtò náà. "Rárá. Ó tóóró." Kíákíá jókòó, egungun nìkan ló hàn. Wọ́n tún un pa, Pẹ̀lẹ́ náà jókòó, ó jókòó pẹ́ débi pé ó sùn lọ. Kò bá a mu.

"Ẹ̀jẹ̀ là ń wá," ni Kíákíá wí. "Ẹ jẹ́ ká pe Àǹtí."

Àǹtí ni àbúrò ìyá wọn, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, obìnrin tó kún fọ́fọ́, tó wọ aṣọ ìjáde tuntun wá nítorí wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ pàtàkì ni. Nígbà tí wọ́n wò ó láti ẹ̀yìn, inú wọn dùn. Kíákíá po pọ́tì tuntun. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń kán sínú pọ́tì kó lè gan. Díẹ̀ ni wọ́n ń kán sí i. Kíákíá, kó lè yá, da gbogbo rẹ̀ sí i.

Àǹtí jókòó. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni ó wí.

Ó tún ní, "Ó ti ń gbóná o."

Ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tí mi ò lè dìde?"

Pọ́tì ti gan. Aṣọ Àǹtí ti di ara ọkọ̀. Wọ́n fa ọwọ́, wọ́n fa èjìká, Àǹtí àti imú Àwòdì dìde pọ̀, wọ́n jọ rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò sì gbà wọ́n.

"Èmi tí ẹ̀gbọ́n mi kú, tí mo sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀! Ẹ fẹ́ sọ mí di ọkọ̀! Kíákíá, orí ẹ ò pé láti kékeré!"

"Àǹtí, ẹ má mira, ẹ máa ya!"

"Kí ló máa ya? Èmi ni àbí aṣọ?"

Ìyàwó Kíákíá fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ náà yípo, ó fi aṣọ ìkélé ojú fèrèsé bo Àǹtí, Àǹtí sì ń ṣépè lọ sílé nínú aṣọ ìkélé. Wọ́n wo ohun tó kù. Òdòdó aṣọ Àǹtí wà níbẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, àti kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tó wà nínú àpò. Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ojú, ó fọwọ́ pa á wò.

"Kì í ṣe òun," ni ó wí. Omi náà kò sì dá.

Ìgbà yẹn ni Pẹ̀lẹ́ rántí àwọn Àwòdì tí wọ́n ti tà. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọ́n lè fi fáíbà bu imú rẹ̀, ìyá á sì padà sínú mọ́ọ̀dù bó ṣe wà. Kíákíá fò sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti jóná lójú ọ̀nà, nítorí fáíbà a máa jó bí àbẹ́là. Ẹni tó ra èkejì ti bá a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, wọn kò mọ ibi tó gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta kọlu géètì, imú rẹ̀ fọ́ wéwé bí àwo, ẹni tó ra Àwòdì karùn-ún tí oníwèé ìròyìn wà sì ti gbé tirẹ̀ kọlu igi bákan náà. Ẹ̀kẹrin ló kù, ọwọ́ dókítà eyín kan ló sì wà.

Dókítà náà fi ayọ̀ gbà wọ́n. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ bí ojú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ibi tó ń gbé e sí.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," ni ó wí. "Ó dán bí eyín ọmọ!"

Imú Àwòdì náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Mo ka ìwé ìròyìn yẹn," ni dókítà wí. "Inú bí mi nítorí yín. Mo ní wọn ò lè fi ọkọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé e fún ẹni tó ń kun ọkọ̀, ó gé ibẹ̀ kúrò pátápátá, ó fi fáíbà tuntun dí i."

"Èyí tó gé kúrò dà?" ni Pẹ̀lẹ́ bèèrè.

Wọ́n lọ bá akunkọ̀ náà. Ó rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní ó wà lórí ààtàn òun fún ọjọ́ mẹ́ta, ajá òun a máa sùn sínú rẹ̀, ó sì bá ajá náà mu gan-an. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn akópàǹtí wá kó o.

Wọ́n rìn padà sílé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, Kíákíá kò ṣáájú. Ó ń bá ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ rìn. Alágbàtà wá nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó wo imú ọkọ̀, ó dágbére. Kíákíá padà sídìí àwòrán ilé, Pẹ̀lẹ́ padà sídìí tábìlì. Ìyàwó Kíákíá ra adìyẹ sínú ilé adìyẹ. Mọ́ọ̀dù wà lẹ́yìnkùlé, ó gba omi òjò, àwọn adìyẹ ń mu ún.

Àwòdì mẹ́fà ni wọ́n ṣe. Kò sí èyí tí ọwọ́ wọn tó mọ́ tí ìjókòó ìyá wọn wà lára rẹ̀.